Ọgbọ̀n Àpò fún Alhaja Bùsírátù

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé aṣọ kan lè da orí àgbàlagbà mẹ́ta rú láàárín oṣù kan, màá ní irọ́ ni. Èmi tí mo ti ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú láti ìgbà ọmọge, kí ni mi ò tíì rí lára aṣọ? Ṣùgbọ́n èyí tí Àlímátù rán lọ́dún tó kọjá ṣì ń rú mi lójú títí di òní.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ìsọ̀ mi àti ti Àlímátù. Ẹ̀rọ ló fi ń ṣe ọnà sára aṣọ, iṣẹ́ tí àwa ará ọjà ń pè ní mọ́nógíráàmù. Kò sí fìlà tàbí agbádá tí kò lè sọ di nǹkan àwòtúnwò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, àfi tí abẹ́rẹ́ bá kán. Nígbà náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kí i.

Ìyá ọkọ rẹ̀ ni Alhaja Bùsírátù. Aláró ni Alhaja nígbà tí agbára wà, gbogbo ọjà ló mọ̀ wọ́n. Ọjọ́ orí ti wá dé, ìgbàgbé sì tẹ̀ lé e. Nínú Rámádánì ọdún tó ṣáájú, Alhaja á jẹ sààrì, wọ́n á gba ààwẹ̀, tó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá, wọ́n á bu ẹ̀kọ mu láìrántí. Tí wọ́n bá wá rí abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n á sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Àáfà ní ẹni tó bá gbàgbé tó jẹun, Ọlọ́run ló bọ́ ọ. Ó ní wọ́n tilẹ̀ lè máa fún aláìní lóúnjẹ dípò ààwẹ̀. Kò wọ̀ wọ́n létí. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè kan náà ni: "Àlímátù, ààwẹ̀ ti pé mélòó?"

Ohun tó mú Àlímátù rán aṣọ náà nìyẹn. Ó rí irú rẹ̀ lórí fóònù, aṣọ tí wọ́n ń so kọ́ ògiri lóṣù ààwẹ̀, tí àpò kéékèèké wà lára rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀bùn, fún mi ní àjákù àdìrẹ." Mo ní kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó ṣàlàyé, kò yé mi. Mo ṣáà fún un.

Ìró Alhaja kan tó ti gbó, èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn rẹ láró, ló fi ṣe ojú aṣọ. Ó tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sáàárín, ó fi aṣọ láínì fẹ́lẹ́ sẹ́yìn, ó wá fi ẹ̀rọ rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní ìlà ìlà, ó sì wú díẹ̀díẹ̀ bíi tìmùtìmù ọmọ tuntun. Lókè, ó fi òwú aláwọ̀ góòlù ṣe ọnà oṣù àti ìràwọ̀. Àjákù mi ló fi ṣe àpò, márùn-ún márùn-ún ní ìlà mẹ́fà, ó sì fi ẹ̀rọ kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó rán an mọ́ ọn. Abẹ́rẹ́ mẹ́rin ló kán sínú fóòmù yẹn. Mi ò kí i fún ọjọ́ méjì.

"Ọgbọ̀n àpò," mo ní. "Ṣé oṣù yín kì í jẹ́ ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nígbà mìíràn ni?"

Ó dá ẹ̀rọ dúró. "Tó bá ṣẹ́ ku ẹyọ kan, ṣé ẹyọ kan á pa èèyàn ni?"

Dàbínù kọ̀ọ̀kan wọ inú àpò kọ̀ọ̀kan. Nírọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti pe ìrun, Alhaja á mú ti ọjọ́ náà jáde, wọ́n á fi ṣínu. Àpò tó bá ti ṣófo, ọjọ́ rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ara tu gbogbo ilé. Alhaja ò béèrè mọ́, wọ́n á kàn fi ìka ka àpò, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Àlímátù wá ń rìn lọ́jà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè.

Nígbà tó di ọjọ́ kejìlá, ó wọ ìsọ̀ mi, ojú rẹ̀ dàrú. "Ẹ̀bùn, ọjọ́ wo la bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀?"

Mo ní ṣé èmi tí mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ló yẹ kó bi. Ó ní dàbínù wà nínú àpò karùn-ún, ó tún wà nínú ìkẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ ìṣojú òun ni Alhaja ṣe mú wọn jáde. Fóònù rẹ̀ ní ààwẹ̀ ti di mẹ́tàlá. Ọládiméjì ọkọ rẹ̀ ní méjìlá ni. Waheed tó ń ta òwú níwájú wa ní mọ́kànlá ni tiwọn, torí pé àdúgbò wọn ò rí oṣù lọ́jọ́ tí àwọn yòókù rí i. Mo jókòó, mò ń fi ìka kà á, orí ń fọ́ mi. Tí wọ́n bá bi mí lórúkọ lọ́jọ́ yẹn, màá rò ó kí n tó dáhùn.

Bí ọjọ́ ṣe ń lọ, dàbínù ń pọ̀ sí i nínú àwọn àpò tó yẹ kó ṣófo. Àlímátù ní eku ni. Mo ní eku tó ń dá nǹkan padà, kó jọ̀wọ́ kó mú un wá sí ìsọ̀ mi. Ó fura sí ọkọ rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fura sí ara rẹ̀, ó bi mí bóyá ìgbàgbé máa ń ran èèyàn. Ìyẹn bà mí nínú jẹ́.

Ó ku bí ọjọ́ mẹ́rin kí oṣù parí nígbà tí mo bá a délé lọ́sàn-án. A bá Alhaja níwájú ògiri, ọ̀rá dàbínù wà lápá wọn, wọ́n rọra ń ti ẹyọ kan bọ àpò.

"Màmá, kí lẹ̀ ń ṣe?" Àlímátù bi wọ́n.

"Mò ń dá a padà ni." Alhaja ò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn. "Èyí tí mi ò bá rántí pé mo gbà, mò ń dá a padà kí n lè tún un gbà. Tí wọ́n bá bi mí lọ́run pé báwo ni ọjọ́ kẹsàn-án ṣe rí, kí ni kí n wí?"

Àlímátù wò mí, mo wo Àlímátù. Kò sì sẹ́ni tó láyà láti kó àwọn dàbínù náà jáde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, wọ́n rí oṣù. Láàárọ̀ ọdún, mo lọ jẹ ìrẹsì. Gbogbo wọn ti kírun dé, ṣùgbọ́n Alhaja jókòó sórí ẹní, wọ́n dojú kọ ògiri, wọn ò fẹnu kan omi. Ọládiméjì ti bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún.

Alhaja nawọ́ sí aṣọ. "Ó ku mẹ́jọ. Ìyàwó mi ló rán an, kì í purọ́."

Ó dun Àlímátù débi pé omi lé sí i lójú. Ó dìde, mo rò pé yóò já aṣọ náà lulẹ̀. Àpò karùn-ún ló tọwọ́ bọ̀.

"Ọjọ́ karùn-ún, òjò dé lójijì, ẹ ń pè mí kí n wá ká aṣọ. Kí n tó dé, ẹ ti ká a tán. Ẹ gbà á, Màmá. Mo wà níbẹ̀."

Alhaja wò ó pẹ́. Wọ́n la ẹnu, ó fi dàbínù náà sí i.

"Ọjọ́ kẹsàn-án, ẹ kọ orin tí ẹ máa ń kọ nídìí ìkòkò aró. Ìlà kẹta sọ nù, ẹ ń fọwọ́ lu itan títí ó fi wá. Ẹ gbà á. Mo wà níbẹ̀."

Báyìí ló ṣe ka méjèèje, kò fo ọ̀kan. Èmi ò mọ̀ pé èèyàn lè máa ṣọ́ èèyàn tó bẹ́ẹ̀. Ó wá mú ti ọgbọ̀n jáde, ó sì dì í mọ́wọ́.

"Èyí ńkọ́?" Alhaja bi í.

"Kò dé, Màmá."

"Ọjọ́ tí kò dé ò sí lọ́rùn mi," ni Alhaja wí. Wọ́n fa abọ́ ìrẹsì mọ́ra, wọ́n jẹ ṣíbí mẹ́ta, wọ́n wá gbójú sókè wò mí. "Àlímátù, ta nìyí?"

Alhaja ló kọ́ mi ní aró. Ogún ọdún ó lé mẹ́ta nìyẹn. Mo gba dàbínù tó kù lọ́wọ́ Àlímátù, mo jókòó sórí ẹní.

"Èmi ni Ẹ̀bùn," mo ní. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ yín, mo da ìkòkò aró kan nù. Gbogbo èèyàn pariwo mọ́ mi, ẹ ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, pé ilẹ̀ náà fẹ́ wọ aṣọ. Ẹ wà níbẹ̀, Màmá."

Alhaja gbé ṣíbí kalẹ̀, wọ́n la ẹnu.