Ìjókòó Tí Wọ́n Pè Ní Àfojúdi

Ní ọdún kẹta òmìnira wa ni èmi, Muchaneta, wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó kan ní Mutare, ìlú wa ní ìhà gúúsù Áfíríkà. Èmi nìkan ni dúdú nínú kíláàsì wa. Ìyá àgbà tó tọ́ mi ti kọ́ mi pé ọmọ kì í dúró ṣánṣán níwájú àgbà: bí àgbà bá wọlé, jókòó, kí orí rẹ má baà ga ju tirẹ̀ lọ.

Lówùúrọ̀ àkọ́kọ́, bí Mísì Cathcart, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ṣe wọlé, gbogbo kíláàsì dìde fùú. Mo jókòó, mo tẹrí ba. Àánú àwọn ọmọ náà ṣe mí. Mo rò pé wọn kò rí ẹni kọ́ wọn nílé.

“Ayaba, ẹ kú ìjókòó,” ni Heather tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wí.

Lọ́jọ́ kẹta, Mísì dúró tì mí. “Ṣé ẹsẹ̀ ń dùn ọ́ ni?”

“Rárá, mà.”

“Dìde nígbà náà.”

Ẹ̀rù bà mí, mo bá sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀rín sọ. Mísì ní kí n mú òbí mi wá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n má padà wá mọ́.

Ìyá àgbà wá. Mísì dìde láti yẹ́ ẹ sí. Lójú ẹsẹ̀, ìyá àgbà jókòó sílẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ ìkíni wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Èmi ni mò ń túmọ̀ èdè fún wọn.

“Kí lọmọ yìí ṣe fún yín?”

“Ó kọ̀, kò dìde fún mi.”

Ìyá àgbà yíjú sí mi. “Ṣé ìdúró ni wọ́n fi ń kí àgbà níbí ni?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá àgbà.”

“Ìwọ náà ò sì sọ fún mi.”

Mísì wo arúgbó tó wà nílẹ̀ náà títí. Ó wò mí. Ó wá yí tábìlì po, ó rọra jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Orúnkún rẹ̀ dún.

“Háà, ìyá olùkọ́,” ni ìyá àgbà wí, “bí ẹ̀yin náà bá bọ́ sílẹ̀, ibo ni kí èmi tún sọ̀ kalẹ̀ sí?”

Nígbà tí mo túmọ̀ rẹ̀, Mísì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń dìde. Òun náà, kó tó bá mi sọ̀rọ̀, yóò kọ́kọ́ wá àga jókòó.

Èmi náà ṣe olùkọ́ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọmọ tí kò bá dìde fún mi, mo máa ń bi í pé ta ló tọ́ ọ. N kì í fi ìbínú bi í.