Orúkọ tí Mo Fi Kọ Ewì Ọmọdé

Aago méjì kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ọ̀sán ni, lọ́jọ́ Ọjọ́rú. Àwa mẹ́ta la wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ nítòsí gáréèjì ní Òṣogbo: èmi, Lásísì àbúrò mi tó ni ṣọ́ọ̀bù, àti Ìyá Sítù tó wá wọn bùbá rẹ̀ wò. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi ti ń bi mí ìdí tí ewì mi kò fi sí nínú ìwé kékeré tí wọ́n tẹ̀ ní Iléṣà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà ló fà á. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n màá gbìyànjú.

Tíṣà ọmọ kéékèèké ni mí. Ilé-ẹ̀kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni. A ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ kíláàsì mi lókèèrè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ bọ̀, wọ́n ń ké ewì tí mo kọ́ wọn. Inú mi dùn. Ta ni inú rẹ̀ kò ní dùn? Nígbà tí wọ́n dé iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n sì rí mi, ṣe ni wọ́n tún gbóhùn sókè:

"Asárétete, o pẹ́ kó o tó bọ̀!"

Ìyá Sítù bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ta ni Asárétete yìí tí gbogbo àdúgbò ń bá wí?

Máṣíìnì Lásísì dákẹ́. Ó bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ta ló kọ́ wọn nìyẹn?"

Mo ní èmi ni. Ẹ gbọ́ o, mo tún fi yangàn! Mo ní ewì náà ni yóò ṣáájú nínú ìwé tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ ní Iléṣà.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni."

Ó dìde. Ó bọ́ téèpù tó fi kọ́rùn, ó ní kí Ìyá Sítù jọ̀ọ́ padà wá lọ́la. Ìyá Sítù ní lọ́la kẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé lọ́la gan-an ni ìkómọ, ṣé bùbá ọlọ́wọ́ kan lòun máa wọ̀ lọ ni? Lásísì ti fèrèsé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi wá sílẹ̀ lójú títì, ó lọ. Ní aago méjì ọ̀sán! Lásísì tí kì í ti ṣọ́ọ̀bù ní ọ̀sán àfi bó bá ń lọ kírun Jímọ̀!

Kí ni mo ṣe?

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀.

Ọmọ ahunṣọ ni wá. Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n kí n tó mọ̀wé kà, ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ àwọn àgbàlagbà. Ìyàwó mi, Ìyá Múnírá, ló tì mí lọ síbẹ̀. Òun náà ló ń ta epo tí a fi ń jẹun nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà, láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó kú.

Nígbà hólídè tó ṣáájú ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ní kí àwa tíṣà ọmọ kéékèèké wá ṣe kọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Iléṣà. Kí la fẹ́ kọ́? Bí a ṣe ń kọ ewì eré fún ọmọ ọdún márùn-ún sí méje, èyí tí ìparí ìlà rẹ̀ ń dún bákan náà. Mo rò pé ohun ìrọ̀rùn ni. Ó le ju ìṣirò lọ!

Mísìsì tó kọ́ wa kò ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà gidi. Ó ní etí la fi ń kọ ewì ọmọdé, bírò kàn ń tẹ̀lé etí ni. Ó ní kí ìparí ìlà bára mu, kí ohùn rẹ̀ náà bára mu. Odò àti jò bára mu. Odò àti jó kò bára mu, bí àgbà kò bá tilẹ̀ gbọ́ ọ, ọmọdé á gbọ́ ọ. A máa ń pàtẹ́wọ́ sí ìlà kọ̀ọ̀kan, a tún máa ń fò sí i. Èmi tí orúnkún ń dùn, mò ń fò láàárín àwọn ọmọge! Wọ́n ní, "Bàbá, ẹ rọra o, a ò mọ ilé yín!"

Ewì tí mo kọ́kọ́ kọ sọ fún ọmọ pé kó fọ eyín, kó gbọ́ràn, kó má jalè. Mísìsì kà á tán, ó ní, "Bàbá Tíṣà, wáàsí lèyí. Ẹ̀rín ibẹ̀ dà?" Mo ní ẹ̀rín kò sí nínú mi. Ó ní irọ́ ni, pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà lòun, òun á lóṣòó tì mí bí òṣómàáló tó wá gba gbèsè, títí ẹ̀rín á fi jáde. Ó sì lóṣòó lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́síìkì mi! Kíláàsì dàrú fún ẹ̀rín.

Nígbà tí wọ́n dákẹ́, ó ní kí n pajú dé, kí n máa gbọ́ agboolé wa láàárọ̀ kùtù. Kí ni mo gbọ́? Ohùn ìyàwó mi ni, láti ẹ̀yìnkùlé: "Asárétete ooo!"

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ. Nígbà tí Ìyá Múnírá wọlé wa, ọmọ ọdún méje ni Lásísì. Bí ìyàwó bá ti ń múra odò, Lásísì á ti sáré tete gba ìkòkò lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ ní Asárétete nìyẹn. Òun nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀, títí Lásísì fi dàgbà, tó kọ́ṣẹ́, tó fẹ́yàwó, tó bímọ. Èmi kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. Láti ìgbà tí wọ́n ti sin Ìyá Múnírá, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ náà nílé wa mọ́.

Kí a tó jẹun ọ̀sán, mo ti kọ ọ́ tán:

Asárétete sáré lọ sódò,
Ó gbé ìkòkò tí kò jò,
Ó bá ọ̀pọ̀lọ́ kan tó ń fò,
Ọ̀pọ̀lọ́ ní, "Ẹ dúró, ẹ jẹ́ n wò!"

Ìyá ń pè é, ó ní, "Mò ń bọ̀!"
Òun àti ọ̀pọ̀lọ́ ṣì ń yọ̀,
Omi ti dà, ilẹ̀ ń yọ̀,
Asárétete, o pẹ́ kó o tó bọ̀!

Mísìsì kà á fún àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń kó wá kí a fi dánra wò. Pé ọ̀pọ̀lọ́ ń fi ẹ̀yin bá ọmọdé sọ̀rọ̀ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọn kò jẹ́ kó lọ, ẹ̀ẹ̀mẹrin ló kà á. Ó ní òun rí ewì àkọ́kọ́ inú ìwé nìyẹn. Èmi ọmọ ahunṣọ!

Mo padà sí Òṣogbo, mo kọ́ kíláàsì mi. Kí n má purọ́ fún yín, kì í ṣe nítorí ìwé nìkan. Ogójì ọmọ ló ń pe orúkọ tí Ìyá Múnírá máa ń pè. Bí mo bá jókòó sídìí tábìlì mi tí wọ́n ń ké e, ọkàn mi á balẹ̀.

Ṣé kò yẹ kí n kọ́kọ́ bi Lásísì? Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn. Mo rò pé ìyàwó mi ló sọ orúkọ náà, tèmi ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ọjọ́ Ọjọ́rú yẹn.

Láti ìgbà tí mo ti ń dá gbé, ilé Lásísì ni oúnjẹ alẹ́ mi ti ń wá. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń gbé e wá, àwa méjèèjì á sì jọ jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ náà, kí oòrùn tó wọ̀, ìyàwó rẹ̀ ni mo rí, Ìyá Wàsíù. Ó gbé abọ́ sílẹ̀, kò sì lọ.

"Bàbá, Bàbá Wàsíù ò jẹun o. Ó kọjú sí ògiri látọ̀sán."

Mo ní nítorí orúkọ lásán?

"Orúkọ kọ́, Bàbá. Ṣé ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ sọ fún un lọ́sibítù ni?"

Mo ní kí ni mo sọ? Ó wò mí lójú, ó jókòó.

Ọsibítù ní Iléṣà ni ìyàwó mi kú sí. Lóru tó gbẹ̀yìn, ó ń pe Lásísì, orúkọ yẹn náà ló sì ń pè. Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, mo rán awakọ̀ kan sí Òṣogbo. Ìléyá ku ọ̀la. Agbádá oníbàárà kan ló kù lọ́wọ́ Lásísì, ó ní kóun kàn fi bọ́tìnì sí bùbá rẹ̀ kóun tó máa lọ. Mọ́tò tó wọ̀ tún dákú lójú ọ̀nà. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé, ó ń sáré wọ ọgbà ọsibítù. Ìyàwó mi ti lọ. Mo pàdé Lásísì lẹ́nu ọ̀nà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo sì sọ fún un: "Ó pè ọ́ títí."

Mo rò pé mo fi ń tù ú nínú ni. Kó lè mọ̀ pé ìyàwó mi fẹ́ràn òun.

"Ẹ ò ṣàkíyèsí pé èmi ni mò ń bá a ran bọ́tìnì?" Ìyá Wàsíù ló ń bi mí bẹ́ẹ̀. "Láti ọjọ́ náà, Bàbá, kò tíì fọwọ́ kan bọ́tìnì. Ó ní bọ́tìnì mẹ́fà ló dá òun dúró. Ẹ wá kó ogójì ọmọ jọ, ẹ ní kí wọ́n máa gba iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjá, kí wọ́n máa sọ fún un pé ó pẹ́."

Háà! O pẹ́ kó o tó bọ̀! Ọlọ́run ló mọ̀ pé ohun tó máa bá yọ̀ dún pọ̀ ni mo ń wá.

Mo ti rí obìnrin náà tó ń ran bọ́tìnì lọ́pọ̀ ìgbà. Mo kàn rò pé ó ń ran ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ni.

Mo bo abọ́ oúnjẹ náà padà. Ìyá Wàsíù bi mí bóyá mo lè fi orúkọ mìíràn sí i. Mo ní Lásísì yóò ṣì gbọ́ ìlà tó gbẹ̀yìn. Mo mú ìwé, mo kọ lẹ́tà sí Mísìsì lójú rẹ̀: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ ewì mi kúrò nínú ìwé. Ẹ má bá mi tún un ṣe. Ó ti ní ẹni tó ni ín kí n tó mú un. Mo dúpẹ́ púpọ̀.

Ṣé ó dùn mí? Ó dùn mí. N kò tíì kọ òmíràn tí àwọn ọmọ fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló bà mí nínú jẹ́ ju ìyẹn lọ. Bí Ìyá Wàsíù ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo rántí pé iṣẹ́ tí mo jẹ́ fún Lásísì lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù yẹn kò pé. Ìyàwó mi tún sọ̀rọ̀ kan sí i kó tó dákẹ́. Mi ò sọ ọ́. Lọ́jọ́ náà, ètò ìsìnkú ló gbà mí lọ́kàn. Nígbà tó yá, àlejò kún ilé. Lẹ́yìn ìyẹn, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán nílẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ máa ń rò pé òun kò lè ṣẹ ẹnikẹ́ni. Mo ti rí i báyìí pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ ewì fún ọmọdé, ó dára, ẹ kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá mú ọ̀rọ̀ nínú ilé yín lọ fi ṣeré, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni ín. Bí ẹni tó ń kú lọ bá sì rán yín níṣẹ́, ẹ jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ṣé èmi nìkan ni irú èyí ṣẹlẹ̀ sí? Ṣé ẹnì kan wà nínú yín tó ṣì ní ààbọ̀ iṣẹ́ tí kò tíì jẹ́? Ẹ kọ̀wé sí mi, mo fẹ́ mọ̀ bí ẹ ṣe ṣe é.

Ní tèmi, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mo mú lẹ́tà náà lọ sí gáréèjì, mo fún awakọ̀ tó ń lọ sí Iléṣà. Ibẹ̀ ni mo gbà lọ sílé Lásísì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó ń rin pákò. Ó kí mi, kò wò mí lójú. Mo jókòó tì í.

Mo ní, "Lásísì, ọ̀rọ̀ kan kù tí mi ò sọ fún ọ. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá Múnírá pé mo ti ránṣẹ́ pè ọ́, ó ní, 'Ẹ ní kó má sáré o. Kó rọra máa bọ̀. Mọ́tò pọ̀ lọ́nà.' Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì sùn."

Lásísì yọ pákò lẹ́nu. Ó ní, "Ó ní kí n má sáré?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ sọ ọ́ bó ṣe wí i."

Mo sọ ọ́ bó ṣe wí i. Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó sún lórí bẹ́ǹṣì kí n lè jókòó dáadáa, ó ní kí n tún un sọ.