Ìdajì Orin Tó Kẹ́yìn

Bí mo bá ti gbọ́ tí ẹnìkan ń tún ohùn gìtá ṣe, ọ̀gá wa ni mo máa ń rántí. Àwọn ló kọ́kọ́ dá ẹgbẹ́ olórin kọ́ńtìrì sílẹ̀ ládùúgbò wa ní Challenge, n'Ìbàdàn, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Èmi ni onílù wọn.

Àwọn kan a máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá, ṣebí orin àwọn òyìnbó darandaran nìyí?"

Ọ̀gá á dá wọn lóhùn pé, "Ṣé kò sí màlúù lọ́jà Bódìjà ni?"

Níbi eré wa gbogbo, bí orin tó kẹ́yìn bá ti dé ìdajì, ọ̀gá á gbé gìtá sílẹ̀, wọn á lọ jókòó sáàárín èrò. "Ẹ máa bá a lọ jàre. Ẹ jẹ́ n gbọ́ bó ṣe ń dùn létí ará ìta."

Nígbà tí wọ́n kú, a rò pé ẹgbẹ́ ti tú nìyẹn. Ìyàwó wọn ló ní ká tún wá ṣeré lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọmọ wọn obìnrin ló di gìtá mú. Bí orin tó kẹ́yìn ṣe dé ìdajì, òun náà gbé e sílẹ̀, ó lọ jókòó ti ìyá rẹ̀. Àwa tó kù wojú ara wa, a sì ń bá orin lọ títí a fi parí rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ bi í lójú gbogbo wa pé, "Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dùn, Màámi. Wọn ò tiẹ̀ nílò mi mọ́."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Bí bàbá ẹ bá ti wọlé, ohun tí wọ́n máa ń fi ìdùnnú sọ fún mi nìyẹn."