Ọ̀pẹ Wa Nínú Ọgbà Ilé Iṣẹ́ Rédíò

Ó ku ọdún díẹ̀ kí Nàìjíríà gba òmìnira nígbà tí ìjọba náwó sí ilé iṣẹ́ kan ní Ìkòsì, níbi tí wọn yóò ti máa to rédíò. Oko ni gbogbo agbègbè wa nígbà náà, títí dé Kétu. Ẹbí wa ló yọ̀ǹda ilẹ̀. Wọ́n ṣèlérí pé àwọn ọmọ àdúgbò ni wọn yóò kọ́kọ́ gbà síṣẹ́, pé lọ́jọ́ iwájú a ó sì máa fi ọwọ́ ara wa ṣe àwọn ẹ̀yà inú rédíò níbẹ̀. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka ìwé mẹ́fà tán kò tún lá àlá míì.

Wọ́n kọ́lé tán, bọ́ọ̀sì bá ń kó òṣìṣẹ́ wá láti ibòmíràn láràárọ̀. Èmi àti ìyá mi wà lára àwọn tó lọ bá máníjà, ọmọ Yorùbá bíi tiwa.

Ó ní, “Àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí kéré púpọ̀. Ọwọ́ tó ń di ọkọ́ mú kò lè mú wọn.”

Ìyá mi na ọwọ́ tirẹ̀ sí i. “Ọwọ́ tó ń bó ẹ̀gúsí nìyí o, ọ̀gá.”

Ó ní kí ẹ̀ṣọ́ lé wa jáde. Inú bí mi, mo sáré lọ rojọ́ nílé. Bàbá Lásísì, olórí ẹbí wa, rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀.

“Ṣé wọ́n gé àwọn ọ̀pẹ inú ọgbà yẹn?”

“Rárá, Bàbá. Abẹ́ wọn ni wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí.”

“Ó ti parí. Ẹni tí a fún nílẹ̀, a ò fún un lọ́pẹ.”

Àṣà wa ni. Onílẹ̀ ló ṣì ni ọ̀pẹ, ó sì lè wọlé kọ ọ́ nígbà tó bá wù ú. Máníjà ò béèrè.

Lọ́jọ́ Ajé, àwọn akọ̀pẹ wa gbé igbà wọlé. Ìdì ẹyìn ń já lulẹ̀ gbì, imọ̀ ọ̀pẹ dí ọ̀nà bọ́ọ̀sì. Àwa obìnrin dáná, a gbé ẹyìn kaná síbẹ̀, èéfín sì gba ojú fèrèsé wọlé. Máníjà sáré jáde, ó ń wúkọ́.

“Màá pe ọlọ́pàá!”

Bàbá ò tilẹ̀ dìde. “Ẹ pè wọ́n. Ẹ ní onílẹ̀ ń kórè.”

Sájẹ́ǹtì dé, ó gbọ́ tẹnu wa, ó wo òkè ọ̀pẹ. “Ọ̀gá, ọmọ oko lèmi náà. Mi ò lè mú ẹni tó ń kọ ọ̀pẹ baba rẹ̀.” Ó bá tirẹ̀ lọ.

A ò kúrò. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, máníjà ránṣẹ́ pe Bàbá: òun yóò gba àwọn ọmọ wa, bí a bá gbà kí wọ́n gé àwọn ọ̀pẹ náà. Ìyá mi pariwo pé, “Bàbá, kí la ó fi wọlé lọ́la?” Bàbá ní iṣẹ́ ju epo lọ. Wọ́n gé gbogbo ọ̀pẹ náà.

Bí mo ṣe dé ìdí iṣẹ́ nìyẹn. Mo kọ́ bí a ṣe ń fi òjé jó wáyà pọ̀. Ọjọ́ tí rédíò tí mo tò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo sunkún ayọ̀. Ṣùgbọ́n inú páálí ni gbogbo ẹ̀yà ti ń wá láti òkè òkun. Mo bi máníjà pé ìgbà wo ni a ó máa ṣe wọ́n fúnra wa. “Ṣe èyí tó wà níwájú rẹ,” ló fi dá mi lóhùn. Ọdún tí páálí ò dé mọ́, wọ́n ti ilé iṣẹ́ pa. A lọ béèrè, ẹ̀ṣọ́ ní kí la wá ṣe. A ò ní ọ̀pẹ kankan níbẹ̀ mọ́.

Ní báyìí, mo gbọ́ pé ìjọba tún fẹ́ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀yà tín-ín-tín inú fóònù àti kọ̀ǹpútà. Kí wọ́n dá a sílẹ̀! A jà, a ríṣẹ́, mi ò kábàámọ̀. Ìmọ̀ tí wọ́n ṣèlérí ni wọn ò tíì fún wa. Ẹ̀yin ọmọ Ìkòsì àti Kétu, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti bi wọ́n pé ta ni yóò kọ́ yín bí a ṣe ń ṣe ẹ̀yà náà gan-an. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe èyí tó wà níwájú yín, ẹ jókòó ti géètì wọn.