Mọ́dúgáàdì Tí A Gé sí Méjì

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà mí gbọ́. Àwọn ọmọ mi pàápàá kì í gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀, kí n rò fún yín bí àìsí mọ́dúgáàdì lára kẹ̀kẹ́ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìyàwó lọ́wọ́ mi.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni. Mò ń gbé ní Ìba, mò ń ṣe tíṣà ní iléèwé kan lọ́nà Òkókómáíkò. Mo tínrín nígbà náà, irun orí mi sì pé. (Ta ló ń rẹ́rìn-ín yẹn?) Mo ní kẹ̀kẹ́ kan, tòkunbọ̀ láti Alábà, kẹ̀kẹ́ eré ìje gidi, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká bí ìwo àgbò. Bí mo bá gùn ún kọjá ní Ìyànà-Ìba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa hó yèè. Èmi rò pé wọ́n ń yìn mí ni!

Àbùkù kan ló ní: kò ní mọ́dúgáàdì, irin tó máa ń bo orí táyà kí ẹrẹ̀ má baà ta síni lára. Àwọn tó ṣe é rò pé orí títì tó mọ́ ni gbogbo ayé ń gun kẹ̀kẹ́. Wọn ò tíì rí ọ̀nà Ìba lóṣù kẹfà! Bí òjò bá ti rọ̀ báyìí, táyà ẹ̀yìn á máa bu ẹrẹ̀, á máa fọ́n ọn sí mi lára láti ìdí dé ọrùn, gbọọrọ, bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà.

Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ. Ẹ sáà mọ̀ wá: sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán. Ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ kì í ṣe ìṣòro, omi wà lẹ́nu géètì tí a fi ń ṣan án. Ta ni yóò wá ṣan ẹ̀yìn fún mi?

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò ká sùtánà sínú báàgì, kí n wọ̀ ọ́ tí mo bá dé ọ̀hún. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Pẹ̀lú gbogbo sítáàṣì tí mo lò, ńṣe ló rún jègejège. Bàbá Fọlákẹ́ bi mí bóyá ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́ tó wá bì í jáde.

Bàbá Fọlákẹ́ gan-an ni ẹjọ́ mi. Káfíńtà ni wọ́n, àgbà sì ni wọ́n nínú ìjọ wa. Fọlákẹ́, ọmọ wọn, télọ̀ ni, òun ni mo fẹ́ fẹ́. Ní Sọ́ńdè kan, Bàbá dá mi dúró lẹ́nu géètì, wọ́n yí mi padà, wọ́n ní kí gbogbo èèyàn wá wo ẹ̀yìn tíṣà. Wọ́n ní ẹni tí kò lè tọ́jú ẹ̀yìn ara rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ tọ́jú ọmọ àwọn? Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni ìkórè, èmi ni mo sì máa ka Bíbélì. Bí ẹrẹ̀ bá tún kan aṣọ mi lọ́jọ́ náà, kí n má ṣe dé ilé àwọn mọ́ láéláé.

Ṣé kí n kúkú fẹsẹ̀ rìn lọ ni? Rárá o! Ọ̀rọ̀ ti di ìjà láàárín èmi àti ẹrẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, mo gbé kẹ̀kẹ́ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Pọ́ńpù, Ègùn kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ìyànà-Ìba. Ó mú mọ́dúgáàdì, ó ń kì í bọ abẹ́ bíréèkì. Kò wọlé. Ó tẹ̀ ẹ́. Kò wọlé. Bíréèkì kẹ̀kẹ́ eré yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé táyà lórí ni, àyè tó wà láàárín wọn kò ju ẹ̀yìn ọ̀bẹ lọ.

"Tíṣà, ẹ jẹ́ ká yọ bíréèkì."

"Kí ni n ó wá fi máa dúró, Bàbá?"

"Ẹsẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin tí ẹ kì í wọ bàtà, ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ yín ò tíì le tó ni?"

Mo kọ̀. Ó bá fi òòlù lu mọ́dúgáàdì náà títí ó fi pẹlẹbẹ, ó fipá kì í wọlé. Mo gùn ún wò. Ó ń ha táyà lára, ó ń dún bí ẹni ń lọ ata. N kò tíì rìn jìnnà tí mo fi ń gbóòórùn rọ́bà tó ń jóná. Ó di Ọjọ́bọ̀, kò sí ọ̀nà àbáyọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Fọlákẹ́ bá mi dé ìsọ̀ náà, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ bíréèkì títí.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ṣé dandan ni kí mọ́dúgáàdì gba abẹ́ bíréèkì kọjá ni?"

"Ibo ni kó gbà? Ojú ọ̀run?"

"Ẹ gé e níbẹ̀, sà. Kí apá kan wà níwájú bíréèkì, kí èkejì wà lẹ́yìn. Bíréèkì fúnra rẹ̀ á dí àárín."

Ó ní bí aṣọ bá fún èèyàn lábíyá, àwọn kì í bá a jà, gígé làwọn ń gé e.

Bàbá Pọ́ńpù yíjú sí mi. "Tíṣà, ta lẹ gbé wá yìí? Mo ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe kí wọ́n tó bí ìyá ẹ̀!" Ó pariwo, ó pariwo, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń wá ayùn tí wọ́n fi ń gé irin.

Ó gé e sí méjì. Ó tẹ irin pẹlẹbẹ kékeré mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi bóòtù tó di bíréèkì mú gan-an dè wọ́n. Ó ṣe tiwájú bẹ́ẹ̀, ó gé túùbù àtijọ́, ó so ó mọ́ ìsàlẹ̀ kó máa gba ẹrẹ̀. A yí táyà. Kò ha nǹkan kan! Bàbá Pọ́ńpù ní òun ti fẹ́ dábàá ẹ̀ tẹ́lẹ̀, pé ọmọ náà kàn yára sọ ọ́ ni. Ẹ wo irọ́!

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ ìkórè. Mo wọ sùtánà, mo gun kẹ̀kẹ́, mo ń gba inú ọ̀gọ̀dọ̀ lọ bí ọba. Bàbá Fọlákẹ́ ti ń dúró lẹ́nu géètì. Wọ́n ní kí n yí padà. Mo yí padà. Wọ́n ní kí n gbé etí aṣọ sókè. Mo gbé e. Funfun báláú!

"Hùn," ni gbogbo ohun tí wọ́n wí.

Mo ka Bíbélì. Lẹ́yìn ìsìn, mo rí Bàbá Fọlákẹ́ tí wọ́n lóṣòó ti kẹ̀kẹ́ mi, tí wọ́n ń fi ìka tọ ibi tí a gé. Wọ́n dìde, wọ́n lọ, wọn ò kí mi. Kí ni mo tún ṣe?

Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ rèé: bí nǹkan bá ń ṣagídí sí yín lọ́wọ́, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò jọ iṣẹ́ yẹn rárá. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Kí lẹ ti fipá kì rí tí kò wọlé, ta ló sì fi ọ̀nà hàn yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ má tijú, èmi náà ti sọ tèmi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo fẹ́ wọ̀ lọ síléèwé nígbà tí wọ́n kan ìlẹ̀kùn. Bàbá Fọlákẹ́ ni, tàwọn ti kẹ̀kẹ́ eré kan, tòkunbọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ká bí ìwo àgbò! Wọ́n ní ó ti tó oṣù mẹ́ta táwọn ti rà á, inú yàrá làwọn ń tọ́jú ẹ̀ sí, nítorí gbogbo ìgbà táwọn bá gùn ún ni Ìyá Fọlákẹ́ ń bú àwọn nítorí ẹ̀yìn aṣọ.

Wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀: "Àna mi, ẹ dákun, ẹ bá mi gé tèmi náà, káwọn ará ìjọ tó rí mi."

Àna mi! Ibi tí mo ti gbọ́ ìyẹn ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi.