Iná Ẹ̀pẹ́ Tí N Kò Rí

Ìyàwó mi máa ń sọ pé tí mo bá lọ ra búrẹ́dì ní ìkóríta, ìtàn ogun ni mo máa gbé bọ̀ wálé. Mo máa ń dá a lóhùn pé irọ́ kọ́ ni mò ń pa, iyọ̀ lásán ni mò ń fi sí ọ̀rọ̀. Ibi tí èèyàn mẹ́ta bá ti péjọ, tí mo bá sì ti rí àga jókòó lé, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, inú mi á dùn, n ó sì bù sí i. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yẹn ni mo fẹ́ sọ yìí, n kò sì tíì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ láìtún bù sí i.

Ní àdúgbò wa ní Ìkòròdú, lọ́nà tó lọ sí Ìbẹ̀ṣẹ̀, èmi ni akọ̀wé ìpàdé. Nínú ilé tó kọjú sí tiwa ni ọkùnrin ará Ìwó kan ń gbé, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin méjì, nínú yàrá méjì. Ó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan ní Industrial Estate kí wọ́n tó dín òṣìṣẹ́ kù. Lẹ́yìn náà ló gba ọ̀kadà, ó ń fi gbé àwọn òṣìṣẹ́ láti ibùdókọ̀ Benson lọ sí ẹnu iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò ní mọ́.

Ọ̀kadà yìí kì í mu epo. Bátìrì ńlá kan ló wà lábẹ́ ìjókòó rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, ọkùnrin yìí á yọ ọ́, á gbé e wọlé bí ẹni gbé ọmọ tó ti sùn, á fi ṣájà rẹ̀ sí i, á sì jókòó tì í títí yóò fi kún. Ọ̀kadà náà kì í pariwo. Ó lè dé ẹ̀yìn rẹ kí o má mọ̀.

"Ará Ìwó," ni mo máa ń pè é, "ọ̀kadà rẹ yìí, ṣé ààwẹ̀ ló ń gbà ni?"

"Ó ń gbààwẹ̀, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kì í fi sààrì rẹ̀ ṣeré."

Bí a ṣe ń bá ara wa ṣe nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní kí n tètè sọ ìyẹn, torí ohun tó kù kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ọ́.

Lọ́jọ́ kan mo lọ kí àbúrò ìyá mi ní Ẹ̀pẹ́. Nígbà tí mo ń padà bọ̀ létí ọ̀sà, mo rí ọ̀kadà kan tó jọ ti ará Ìwó gẹ́lẹ́, wọ́n fi ti ara àgọ́ kan tí obìnrin kan ti ń yan ẹja. Èéfín ẹja ń yọ lábẹ́ páànù, ó ń gba orí ọ̀kadà náà kọjá. Ẹni tó bá wà lókèèrè á rò pé ọ̀kadà ló ń jó. Mo rẹ́rìn-ín, mo wọ mọ́tò, mo padà sí Ìkòròdú. Gbogbo ohun tí mo rí nìyẹn.

Ní ìpàdé Sátidé tó tẹ̀lé e, Bàbá Alága, àgbà ọmọ Ìkòròdú tó kọ́kọ́ kọ́lé ní òpópónà wa, béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ nǹkan kan nípa ọ̀kadà oníbátìrì. Ó ní òun gbọ́ pé wọ́n máa ń gbiná.

"Mo rí ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́ lọ́sẹ̀ yìí," ni mo wí. "Èéfín bò ó mọ́lẹ̀."

Òtítọ́ ṣì nìyẹn. Ó yẹ kí n panu mọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń tẹ fóònù gbé orí sókè, Alájà tó ń ta òkìrìkà sì sún àga rẹ̀ mọ́ mi.

"Ṣé ó jó ni?"

"Alájà, ẹ má béèrè bóyá ó jó. Ẹ béèrè ohun tó ṣẹ́kù."

Bí mo ṣe kó wọ̀ ọ́ nìyẹn. Mo ní wọ́n da omi sí iná náà, iná náà ń fi omi rẹ́rìn-ín. Mo ní onílé ibi tí wọ́n ti ń ṣáàjì rẹ̀ sá jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì àti ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Mo wá gbé ewúrẹ́ kan wọ̀ ọ́, ewúrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí kò gbà láti sá fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Alájà fi etí gèlè nu ojú. Kí n má purọ́ fún yín, omijé yẹn dùn mọ́ mi.

Àṣé ará Ìwó ti wọlé. Ẹ̀yìn ló jókòó sí, ó gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì lé itan. Ó nawọ́ sókè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ló fa iná náà?"

"Bátìrì ni. Àbí o rò pé ewúrẹ́ ló ṣáná?"

Ilé rẹ́rìn-ín gèè. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní lóòótọ́ ni pé bátìrì lè jó, ìdí rèé tí òun fi ń jókòó ti tòun, tí òun kì í fi ṣájà ẹlòmíràn sí i. Kò sẹ́ni tó gbọ́. Ewúrẹ́ ti gba ọkàn gbogbo wọn. Wọ́n ṣòfin lójú ẹsẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣáàjì bátìrì ọ̀kadà nínú ilé kankan ní àdúgbò. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, mo sì fi kún un pé akọ̀wé fi ojú ara rẹ̀ rí i. Nígbà tí à ń ṣe òfin yìí, kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù mẹ́ta wà lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé Bàbá Alága, ọ̀kan sì wà ní ilé ìdáná tèmi nítòsí gáàsì. Àwọn ìyẹn ti pẹ́ pẹ̀lú wa. Ẹ̀rù wọn kì í bà wá.

Láti ọjọ́ náà, Benson ni ará Ìwó ń lọ ṣáàjì, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó na wáyà sábẹ́ agboòrùn, tó ń bá èèyàn ṣáàjì fóònù, tọ́ọ̀ṣì àti ohunkóhun tó bá ní ihò. Mo rí i lẹ́ẹ̀mejì tó jókòó lórí búlọ́ọ̀kù níbẹ̀, tí àwọn èrò tó yẹ kó gbé ń wọ ọ̀kadà ẹlòmíràn lọ. Mo gba ọ̀nà míì.

Kò pẹ́ sígbà náà, ìyàwó mi gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ẹnì kan ti gba ohùn sílẹ̀, ó ti fi ránṣẹ́ sí àwọn obìnrin ìjọ wọn. Obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí ló ń sunkún nínú rẹ̀: ọ̀kadà oníbátìrì ti jó, ewúrẹ́ mẹ́ta ló bá a lọ, ìhòhò ni onílé sá jáde.

"Iyọ̀ yín ti dé inú ọbẹ̀ ẹlòmíràn," ni ìyàwó mi wí, ó sì gba fóònù rẹ̀ padà.

Mo sọ fún ara mi pé n ó tún un ṣe ní ìpàdé tó ń bọ̀. Kó tó di ìgbà náà, ará Ìwó kan ilẹ̀kùn wa láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan. Ó dọ̀bálẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ rò pé ìjà ló bá wá.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò bínú o. Ẹ wò ó, yàrá tí àwọn ọmọ mi ń sùn ni mo ti ń ṣáàjì bátìrì yẹn tẹ́lẹ̀. Tí irú rẹ̀ bá ti jó, mo fẹ́ rí ẹni tó ni ín. Mo fẹ́ bi í pé kí ló ṣe, kí èmi má bàa ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi dé Ẹ̀pẹ́."

Mo ní ara mi kò yá. Mo ní orúnkún ń dùn mí.

"Wọ́n á lọ," ni ìyàwó mi wí láti inú ilé ìdáná. "Ara wọn ti yá. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kọrin ní balùwẹ̀."

Bí a ṣe wọ mọ́tò gba Ìtóìkín lọ nìyẹn. Ó mú ìwé ọmọ rẹ̀ kan lọ́wọ́, èyí tí wọ́n ti ṣe ìṣirò sí apá kan rẹ̀, ó ṣí ojú ewé tó mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, kó tó jó, ṣé omi ti wọ inú rẹ̀ rí?"

"N kò béèrè."

"Ṣájà tó bá a wá ni wọ́n lò, àbí òmíràn?"

"Wọn ò sọ."

Ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wò mí, èmi akọ̀wé, mo jókòó, ẹlòmíràn ń kọ irọ́ mi sílẹ̀ fínnífínní, pẹ̀lú ìgbàgbọ́. Ọgbọ́n tí mo ń dá nínú mọ́tò yẹn kò ṣe é fẹnu sọ. Mo ń rò ó pé Ẹ̀pẹ́ tóbi, kò lè ṣe kó má ní ògiri dúdú kan tí mo lè nàka sí. Mo ti ń wá ibi tí n ó sin ewúrẹ́ sí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ mi gbé wa lọ sí etí ọ̀sà fúnra rẹ̀. Àgọ́ náà wà níbẹ̀. Obìnrin náà ń yí ẹja padà. Kí n tó la ẹnu, ará Ìwó ti kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹ pẹ̀lẹ́. A gbọ́ pé iná jó níbí lọ́jọ́sí."

Obìnrin náà fò dìde. "Iná wo? Iná tó ń sun ẹja mi yìí, èmi ni mo dá a. Ta ló rán yín?"

"Iná ọ̀kadà ni, mà. Ọ̀kadà oníbátìrì."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ìyẹn kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa níbí. Ìkòròdú ló ti ṣẹlẹ̀. Ohùn rẹ̀ wà lórí fóònù mi, ewúrẹ́ mẹ́ta! Ṣé Ìkòròdú lẹ ti wá ni? Ẹ pẹ̀lẹ́ o."

Ó ń bá wa kẹ́dùn lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé. Orí ọ̀kadà náà ló wà, kò pariwo, ó dúró síbi tí mo ti rí i lọ́jọ́sí. Èéfín ẹja bò ó.

Ará Ìwó wo ọ̀kadà, ó wo èéfín, ó wá wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibi tí ẹ ti rí i nìyí?"

"Ibẹ̀ ni."

"Ṣé ó jó?"

"Kò jó."

Ó pa ìwé náà dé. Ká ní ó gbá mi létí ni, ì bá sàn. Ó yí padà sí ọkọ obìnrin náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni iṣẹ́ kan náà: pé tí bátìrì bá gbóná láti ojú títì, kéèyàn jẹ́ kó tutù kó tó fi iná sí i, pé tó bá wú, kéèyàn má ṣe lò ó mọ́, kó gbé e síta gbangba. Ó tún ìwé náà ṣí, ó kọ ìyẹn sílẹ̀. Mo dúró sínú èéfín bí ẹja. Nígbà tí a máa padà, ó wọ iwájú mọ́tò, ó fi mí sẹ́yìn.

Ní ìpàdé tó tẹ̀lé e, mo dìde. Mo ní irọ́ ni mo pa. Mo ní kò sí iná, kò sí ewúrẹ́, èéfín ẹja ni.

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá mi lóhùn. Wọ́n rò pé eré mi ni. Nígbà tí wọ́n rí i pé n kò rẹ́rìn-ín, Bàbá Alága yọ ìgò ojú rẹ̀.

"Akọ̀wé, kí ni ará Ìwó fún ọ jẹ?"

"Kò fún mi ní nǹkan kan, Bàbá."

"Ohun tí gbogbo ayé ti gbọ́!" ni Alájà wí. "Àbúrò mi náà fi ojú ara rẹ̀ rí i. Akọ̀wé, ẹ má jẹ́ kí àánú pa yín."

Òfin náà dúró. Ará Ìwó kò sí níbẹ̀, mo sì dúpẹ́ pé kò sí. Ẹ ò rí i, ọpẹ́ yẹn gan-an kò bójú mu.

Kò tó oṣù kan sígbà náà, ní ọ̀sán Sọ́ńdè kan, mo rí i tó ń ti ọ̀kadà bọ̀. Ọkùnrin Benson ti fi ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀ sí bátìrì nígbà tí ará Ìwó yíjú kúrò. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan ti wú. Kò gbé e wọlé. Orí yanrìn ló gbé e sí ní pálọ́ọ̀tì tó ṣófo, jìnnà sí ògiri àti mọ́tò, ó lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, ó sì dúró nínú oòrùn, ó ń ṣọ́ ọ títí àwọn tó ta á fún un fi wá gbé e. Kò jó. Ohun tó yẹ kí ọlọ́gbọ́n ṣe ló ṣe. Ṣùgbọ́n àdúgbò ti jáde.

"Ẹ wá wò ó o! Ohun tí Akọ̀wé sọ ló dé yìí!"

"Àwa la fà á!" ni mo pariwo. "Àwa la lé e lọ sí Benson!" Wọ́n ń na fóònù sókè, wọ́n ń ya àwòrán.

Onílé rẹ̀ ní kó kó jáde kí oṣù tó parí. Ó rí yàrá ní Ìbẹ̀ṣẹ̀, lọ́dọ̀ onílé kan tó ní bátìrì ẹnikẹ́ni kò kan òun. Lọ́jọ́ tó ń kó lọ, mo jáde láti bá a gbé ẹrù. Ìyàwó rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbé nǹkan kan, gbogbo ohun tí mo bá fọwọ́ kàn, á ní, "Ẹ fi sílẹ̀, sà." Àwọn ọmọ rẹ̀ ti wà lókè mọ́tò, wọ́n jókòó lórí mátíráàsì, wọ́n ń wò mí.

Alájà gba ibẹ̀ kọjá. Ó dì mọ́ ọwọ́ mi méjèèjì.

"Akọ̀wé, Ọlọ́run á máa ṣọ́ ẹ̀yin náà. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ ká rí oorun sùn ní àdúgbò yìí. Ibi kò ní wọlé yín."

Ojú rẹ̀ ń dán, ó ń retí kí n ṣe àmín.

"Àmín," ni mo wí.

Ará Ìwó wà lẹ́yìn mọ́tò, ó ń so ẹrù. Ó gbọ́ ọ. Ó na ìdí okùn kan sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ló wí, "ẹ bá mi di ìdí okùn yìí mú."

Mo di í mú.