Amọ̀ Tó Fọ́ Lọ́wọ́ Asta

Ẹni tó bá mọ Asta Krogsgaard mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n. Ní yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀ tó wà létí òkun ní Jutland, òun ni wọ́n máa ń gbé amọ̀ tó bá ṣòroó gé fún. Á fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ gé e róbótó, kó tó nǹkan bí àtàǹpàkò àgbàlagbà, á gbé e sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á sì máa tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi fọ́. Ìwọ̀n ìnira tó fara dà kó tó fọ́ ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní agbára ilẹ̀. Iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn.

Amọ̀ àdúgbò yẹn ní àléébù kan. Ó ń yọ̀ bí ọṣẹ, inú rẹ̀ sì ti sán káàkiri láti ọjọ́ aláyé ti dáyé. Nígbà mìíràn tí Asta bá ń gé e, á kàn là sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í bínú. Á ju èyí tó là sínú garawa, á mú òmíràn. Bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nìyẹn, bí òun náà ṣe kọ́ àwọn tó dé lẹ́yìn rẹ̀ nìyẹn: ohun tó ti fọ́ kò ṣe é dán wò.

Nígbà tí Maiken, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ kọ́lé sórí òkè tó kọjú sí omi, ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gé amọ̀ ibẹ̀. Ẹ̀rọ ní ilẹ̀ náà lágbára.

"Màmá, ẹ̀yin ni mò ń bi o, kì í ṣe ẹnjiníà. Ṣé kí n kọ́ ọ?"

"Kọ́ ọ jàre. Ilẹ̀ yẹn le ju orí bàbá ẹ lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n tún bu kọfí sí i.

Maiken kọ́ ọ, ó sì kó wọ ibẹ̀. Ìgbà òtútù kan tí òjò kọ̀ tí kò dá ni ilẹ̀kùn ilé ìdáná Maiken kọ̀ tí kò ṣe é tì mọ́. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé là débi pé èèyàn lè ki apá bọ̀ ọ́. Wọ́n pe ẹnjiníà kan tó ń jẹ́ Sejr. Ohun tí gbogbo wọn fẹ́ mọ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bóyá agbára ilẹ̀ náà tó láti gbé ilé dúró, àbí kí Maiken kó jáde.

Sejr kò fẹ́ èyí tó tó àtàǹpàkò. Ó ní kí wọ́n wa odidi amọ̀ tó tóbi bí àgbá wàrà látinú òkè náà, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

"Ṣé kéèkì ọjọ́ ìbí lo fẹ́ fi èyí ṣe ni?" Asta fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tó bá jinná, màá gé tìrẹ fún ọ," ni Sejr wí, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀rọ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́. Kò tíì pẹ́ rárá tí apá òkè amọ̀ náà fi ń yọ̀ kúrò lórí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, láìpariwo. Ojú ibi tó là ń dán bíi dígí. Agbára tó ní kò tó ìdajì èyí tí Asta rí.

"Ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́," ni Asta wí.

"Kò bàjẹ́. Asta, àwọn ibi tó sán nínú ilẹ̀ yẹn jìnnà síra ju àtàǹpàkò lọ. Tó o bá gé kékeré, àárín ìlà méjì tó sán ni èyí tí kò fọ́ bọ́ sí, wàá sì rí amọ̀ tó le. Odidi òkè ò lè bọ́ sáàárín. Orí ìlà ló wà." Ó nawọ́ sí garawa. "Àwọn kéékèèké tó bọ́ sórí ìlà ńkọ́? Ṣé o ò rí wọn ni?"

Asta wo inú garawa náà. Ó ń rí wọn lójoojúmọ́. Gbogbo èyí tó fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ fi ń sọ òótọ́ fún un, òun sì ń dà á nù, ó ń mú èyí tó le. Ìbànújẹ́ tó bò ó kò ṣe é fẹnu sọ. Ó wù ú kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ilẹ̀ sì ti lanu lóòótọ́, àmọ́ ilé ọmọ rẹ̀ ló fẹ́ gbé.

Ó ní kí Sejr jẹ́ kí òun lọ sọ ọ́ fúnra òun. Maiken gbé kọfí kalẹ̀ bí àṣà, pẹ̀lú búrẹ́dì dúdú àti wàràkàṣì. Asta ò fọwọ́ kàn án. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ẹyọ kan pa mọ́.

"Ẹ dúró ná," ni Maiken wí. "Nígbà tí ẹ̀ ń gé ti ibí yìí, ṣé wọ́n fọ́?"

"Wọ́n fọ́."

"Ṣé wọ́n pọ̀?"

"Wọ́n pọ̀ ju èyí tó dúró lọ."

"Ẹ ò sì sọ fún mi."

"Kò wá sí mi lọ́kàn pé ọ̀rọ̀ ni. A kì í kà á mọ́ ọn."

Maiken da kọfí tí ìyá rẹ̀ ò mu nù, ó fọ ife náà, ó nù ún, ó sì wá páálí tó máa dì í sí.

"Wá sọ́dọ̀ mi," ni Asta bẹ̀ ẹ́. "Yàrá wà, Maiken. Ibẹ̀ ò ní mì."

"Ta ló yẹ ilẹ̀ ibẹ̀ wò?" ni Maiken bi í, kò sì dúró gbọ́ ìdáhùn.